Ewé Orí Apẹ̀rẹ̀ Ọsàn

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá

Ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni ara? Báwo ni iṣẹ́? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀? Mo kí ọ, mo sì kí ọwọ́ rẹ tó ń lọ aṣọ fún àwọn àlejò òtẹ́ẹ̀lì láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ, n kò pè ọ́. Bí o bá ti gbé fóònù, mo máa ń gbọ́ bí ẹ̀rọ yín ṣe ń ké lẹ́yìn rẹ, á wá dà bíi pé mò ń dí ọ lọ́wọ́. Ìwé kì í kánjú.

Ọsàn ti dé, mo sì ti ṣí ìsọ̀. Bàbá Kékeré ló lọ sí oko ní ipò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kó apẹ̀rẹ̀ dé láyọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ẹni tí ajá ń lé ló ṣe ń wa ọkọ̀ ẹrù náà. Mo nu tábìlì, mo ta aṣọ ibòji, mo gbé àga bàbá rẹ síbi tó máa ń wà. Mo wá rántí. Mo gbé e padà sẹ́yìn ìsọ̀.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ, ẹnu mi ti kú. Kì í ṣe pé n kò lè sọ̀rọ̀, ìwọ náà mọ̀ pé ìyẹn kò lè ṣẹlẹ̀ láé. Adùn oúnjẹ ni n kò mọ̀ mọ́. Iyọ̀, ata, ṣúgà, bákan náà ni gbogbo wọn rí lẹ́nu mi, bí ẹni ń jẹ ìwé. Mo rò pé á lọ fúnra rẹ̀. Kò lọ.

O mọ bí a ṣe ń ṣe é. Láàárọ̀, kí oníbàárà tó dé, n óò ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, n óò mú ọsàn kan, n óò bó o, n óò tọ́ ọ wò. Bó bá dùn, ewé ọsàn tútù lórí apẹ̀rẹ̀ náà. Bó bá kan, ewé gbígbẹ, iye rẹ̀ á sì wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè lọ́wọ́ mi. Ewé ni wọ́n ń wò, ewé ni wọ́n ń rà. Èyí tó bá kan jù, bàbá rẹ á gbé e síwájú ara rẹ̀, á máa jẹ ẹ́ láìfajúro, á ní, "Ó dùn." Ojú òsì rẹ̀ nìkan ló máa ń tú àṣírí rẹ̀, á máa ṣẹ́ ṣáá.

Ní báyìí, mò ń tọ́ ọ wò, n kò mọ nǹkan kan lẹ́nu. Bí ọkàn mi bá ṣe sọ ni mò ń fi ewé sí i. Ojú ń tì mí. Mo ti búra fún ara mi pé ọjọ́ tí mo bá mọ̀ dájú pé mo ti ta kíkan fún èèyàn lórúkọ dídùn, ọjọ́ náà ni n óò tú ìsọ̀ yìí ká, n óò sì fi igi rẹ̀ dáná. Bẹ́ẹ̀ n kò mọ ohun tí n óò máa jí ṣe lẹ́yìn ìyẹn.

Má sọ fún Bàbá Kékeré. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kọ ìwé sí mi, kó sì gùn ju ti ìgbà tó kọjá lọ, èyí tó dà bí ìwé ara ìgò oògùn.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ọjà. Inú mi dùn pé ẹ ṣí ìsọ̀, tàbí kí n sọ pé ó yẹ kí inú mi dùn. Èmi náà ò mọ bí inú mi ṣe rí mọ́. Mo ń jí, mo ń wọ bàtà, mo ń lọ. Níbi iṣẹ́, èmi àti obìnrin kan tí kò gbọ́ èdè mi la jọ ń ká aṣọ ibùsùn. Ó di etí kan mú, èmi di èkejì mú, a rìn pàdé ara wa, a tún padà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa bá a lọ títí wọ́n á fi ní ó tó. Mi ò tíì sunkún bàbá mi. Mo jókòó sórí ibùsùn lọ́jọ́ kan pé kí n sunkún, ògiri ni mo kàn ń wò.

Nípa ti ẹnu yín, mo ti ra oògùn kan. Ẹnìkan tó ń bọ̀ wálé á gbé e fún yín. Ẹ máa fi yọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Kí ló dé tí ẹ ò kúkú pa ìsọ̀ náà tì? Bàbá mi ló fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀yin ti ń dúró nínú eruku yẹn láti ìgbà tí ẹ ti ń pọ̀n mí. Bàbá Kékeré lè máa ta ọsàn bó bá wù ú. Ẹ wá bá mi níbí. Yàrá mi kéré, ṣùgbọ́n fèrèsé rẹ̀ tóbi, ẹ lè máa jókòó tì í.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí náà ò gùn. Ọwọ́ ló ń ro mí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejìlá

Ọmọ mi,

Mo rí oògùn gbà, mo dúpẹ́. Ẹni tó gbé e wá ní kí n rọra, pé ó máa ń ta èèyàn lẹ́nu bí iná. Mo fi yọ ẹnu títí, omi lásán ni. Mo lọ rí dókítà náà. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lọ́fun bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ́ sí kòtò, ó ní ahọ́n mi dára, kí n lọ sinmi.

Sinmi. Ọ̀rọ̀ ìwọ àti òun jọ ara wọn. Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo ní ẹnu mi kú, o ní kí n pa ìsọ̀ tì. Bí ẹsẹ̀ bá ń dun èèyàn, ṣé wọ́n á ní kó kó kúrò nílé rẹ̀ ni? Kí ni n óò máa wò ní ojú fèrèsé rẹ? Àwọn tí n kò mọ̀ rí, tí wọ́n ń kọjá lọ? Ìwọ tí o kò wá sin bàbá rẹ lo wá ń sọ ohun tí bàbá rẹ fẹ́ràn fún mi.

Mo ti kọ ọ́, n kò ní pa á rẹ́.

Jẹ́ kí n fún ọ ní ìròyìn ayọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi kò tíì mọ̀ pé ayọ̀ ni. Ọjà ń tà. Kò sẹ́ni tó ráhùn. Tísà, bàbá arúgbó tó kọ́ ọ ní ìṣirò, ń wá lójoojúmọ́. Iwájú mi ló ti ń jẹ tirẹ̀ tán, á wá ní, "Ìyá Ọlọ́sàn, tọdún yìí mà dùn ju tàtẹ̀yìnwá lọ." Aránṣọ tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tiwa, obìnrin tí kì í ra nǹkan láìná an títí ọ̀fun á fi gbẹ, iye tí mo bá pè ló ń rà á, á dúpẹ́, á lọ. Mo wá rò ó pé bóyá kì í ṣe ahọ́n ni mo ti fi ń mọ̀ ọ́n látọjọ́ yìí. Bóyá ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n. Mo ti ń rí ara mi bí àgbà ọ̀jẹ̀. Nítorí náà, fi ọ̀rọ̀ pípa ìsọ̀ tì sílẹ̀.

Máa jẹun. Má máa fi bisikíìtì tan ara rẹ jẹ.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìn-ín-ní

Màámi,

Ẹ kú ọdún tuntun. Mo gba lẹ́tà yín. Inú mi dùn pé ọjà ń tà. Òtútù ti mú gan-an níbí. Ara mi le. Mò ń jẹun bí ẹ ṣe wí. Ẹ bá mi kí Bàbá Kékeré.

Ẹ máa tọ́jú ara yín.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìn-ín-ní

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo ti ka lẹ́tà rẹ tán kí n tó rí ibi jókòó sí. Lẹ́tà tí ọ̀gá iléeṣẹ́ ń kọ sí òṣìṣẹ́ ló jọ. O kò tilẹ̀ bínú. Mo fi ọ̀rọ̀ gún ọ nínú ìwé mi, mo mọ̀ pé mo gún ọ, mo sì ń retí kí o gún mi padà. Ọmọ tí mo bí kì í gba irú ọ̀rọ̀ yẹn kó dákẹ́. O kò béèrè ọsàn. O kò béèrè ewé. Kí lò ń fi pamọ́? Àbí ara rẹ kò yá? Ṣé wọ́n lé ọ níbi iṣẹ́ ni? Sọ ọ́. Ẹni tó ti sin ọkọ, kí ló kù tó fẹ́ dẹ́rù bà á?

Níbí, nǹkan ń lọ bó ṣe ń lọ. Mo jí, mo fi ewé sí i, mo tà, mo sùn. Ìlẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ti yọ nínú ìdè, mo kàn ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan bí mo bá fẹ́ wọlé. Àná, Aránṣọ ṣàdédé sọdá wá gbá mi mọ́ra, kò sọ ìdí. Mo dúró gbagidi bí òpó. N kò mọ ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ ṣe nígbà tí wọ́n bá gbá a mọ́ra. Bàbá Kékeré náà ti ń bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, òun tí ohùn rẹ̀ máa ń lé ẹyẹ kúrò lórí igi. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó sì lábo. N kò mọ èyí tí wọ́n ń kí mi.

Mò ń dúró de èsì, kì í sì í ṣe irú èyí tó wá yẹn.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì

Màámi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Bó bá jẹ́ ìsọ̀ lẹ wà, ẹ ká a sínú àpò, ẹ délé kí ẹ tó kà á.

Aránṣọ pè mí lórí fóònù kí n tó kọ lẹ́tà kúkúrú yẹn sí yín. Ó ní kí n má sọ. Mo gbìyànjú láti má sọ, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà náà fi rí bó ṣe rí. Mi ò lè gbé e mọ́.

Ewé yín ò tọ̀nà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kò ti tọ̀nà. Ọ̀pọ̀ èyí tí ẹ fi ewé tútù sí ló kan, ọ̀pọ̀ èyí tí ẹ fi ewé gbígbẹ sí ló dùn. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Nígbà tí ọsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn kan ti fẹ́ máa sá lọ sídìí ewé gbígbẹ, torí wọ́n rí i pé ibẹ̀ ni dídùn wà. Tísà ló pè wọ́n jọ sí ìsọ̀ Aránṣọ, ó ní ọ̀fọ̀ bàbá mi ló dà yín rú. Ó ní bí gbogbo wọn bá kọjú sí apá kan, ẹ máa fura. Ó ní bí kálukú ṣe ń rà á tẹ́lẹ̀ ni kó máa rà á, ewé tí Ìyá Ọlọ́sàn bá fi sí i ni òótọ́, kí wọ́n sì máa jẹ ẹ́ láìfajúro títí ara yín á fi balẹ̀. Bàbá Kékeré wà níbẹ̀. Aránṣọ ní ọsàn kíkan ti pọ̀ nílé òun débi pé òun ti ń fi í fọ ìkòkò.

Ó ní òun sọ fún mi kí n lè mọ bí ìlú ṣe fẹ́ràn yín tó. Mo mọ̀. Mo sì mọ ohun tí ẹ búra. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá ka èyí tán, ẹ lè tú ìsọ̀ ká lọ́la, a jẹ́ pé èmi ni mo fà á. Ìsọ̀ yẹn nìkan ló ṣì ń mú yín dìde láàárọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí bàbá mi. Gbogbo ìgbà tó fi dùbúlẹ̀ àìsàn, mo ń pè, ẹ ń ní ó wà lóko, ó ń wẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni. Ẹ ní kí ọkàn mi má bàa dàrú. Ìgbà tí ẹ ti sin ín tán ni mo tó gbọ́. Ẹ wá kọ ọ́ sí mi pé mi ò wá sin bàbá mi. Màámi, ta ló pè mí? Àánú tí ẹ ṣe mí yẹn ló sọ mí dà bí mo ṣe dà yìí. Ó dùn mí. Mo di ẹni tí gbogbo ayé mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ àfi òun fúnra rẹ̀, mi ò sì lè máa wò kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún yín.

Wọ́n kan, Màámi. Bí ẹ bá fẹ́ fi igi náà dáná, ẹ fi dá a. Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò rí èsì. Mo pè, ó ń dún, ẹ ò gbé e. Aránṣọ náà ò gbé tirẹ̀. Mi ò sọ pé kí ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni kí ẹ kọ: ìsọ̀ wà, tàbí ìsọ̀ ò sí mọ́. Ojú ọkàn mi ń rí i tí igi rẹ̀ ń jó, èmi sì ń ká aṣọ ibùsùn lọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. Lẹ́tà rẹ méjèèjì dé ọwọ́ mi. Kì í ṣe ìbínú ni kò jẹ́ kí n fèsì. N kò rí ohun tí n óò kọ ni. Mo ka ti àkọ́kọ́ nílé gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí. Mo ká a, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí, mo jókòó tì í. Mo dúró de ìbínú, kò wá. Mo dúró de ìtìjú, òun náà kò wá. Omi tó ń kán nílé ìwẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Ní ti bàbá rẹ, òótọ́ lo sọ. Èmi ni mo ní kí wọ́n má pè ọ́. Má bínú. N kò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́ jù báyìí lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé àáké lọ sí ìsọ̀. Bí o bá rí mi, wàá rẹ́rìn-ín: ìyá àgbàlagbà tó gbé àáké lé èjìká bí ẹni ń rogun. Bàbá Kékeré ti já apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Ó rí àáké, ó yà fún mi. Mo gbé àáké ti òpó. Mo ní kí n kọ́kọ́ ta èyí tó wà nílẹ̀ tán, kó má bàa jẹrà. Mo wá ṣa ewé gbígbẹ, mo fi sórí gbogbo apẹ̀rẹ̀, láti orí èyí tó wà níwájú dé èyí tó wà lẹ́yìn. N kò fi ewé tútù sí ìkankan.

Tísà ló kọ́kọ́ dé. Ó wo ewé, ó wo àáké, ó wo ojú mi. Mo bó ọsàn kan fún un. Ó jẹ ẹ́ tán láìfajúro, ó nu ẹnu, ó ní, "Ìyá Ọlọ́sàn, ó dùn."

Mo wo ojú òsì rẹ̀. Ó ń ṣẹ́ ṣáá.

Ọmọ mi, mo jókòó sórí àpótí. Láyé mi, ẹnìkan ṣoṣo ló máa ń jẹ kíkan lójú mi tí á ní ó dùn. Mo rò pé a ti sin ín. Àṣé gbogbo ìlú ti pín iṣẹ́ rẹ̀ ṣe láàárín ara wọn, tọmọdé tàgbà, látìgbà tí ọsàn ti dé, n kò sì mọ̀. Mo bú sẹ́kún. N kò sun irú ẹkún bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ pàápàá. Aránṣọ sáré sọdá pẹ̀lú òwú lọ́rùn. Ẹ̀rù ba Tísà, ó rò pé òun ló pa mí lẹ́kún, ló bá ní, "Ó kan, Ìyá Ọlọ́sàn. Ó kan gan-an ni, ẹ má bínú." Àwọn tó ti pé jọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan pé tàwọn náà kan. Aránṣọ ní tòun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òun léyín tán. Mò ń sunkún, mo tún ń rẹ́rìn-ín.

N kò tú ìsọ̀ ká. Mo búra, n kò mú un ṣẹ, Ọlọ́run á fojú fò ó. Àáké náà kò wá lásán, òun la fi gbẹ́ èèkàn tuntun fún aṣọ ibòji. Ní báyìí, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀ ló ń tọ́ ọ wò, òun náà ló ń fi ewé sí i. Ìjà ni lójoojúmọ́. Èyí tí Tísà bá pè ní dídùn, Aránṣọ á ní kíkan ni, wọ́n á wá tún bó òmíràn, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ọjà mi tán kí n tó ta ẹyọ kan. Ìsọ̀ náà kò pariwo báyìí rí.

Ẹnu mi kò tíì là. Má jẹ́ kí n tàn ọ́, ó tó gẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ tí mo sunkún yẹn, omijé bọ́ sí mi lẹ́nu, mo sì rò pé nǹkan kan ta mí fẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n. N kò lè búra sí i. Mo ti jáwọ́ nínú ìbúra.

Ọsàn ti ń tán lọ. Bó bá tún dé lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé wàá wá?

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ keje, oṣù kẹrin

Màámi,

Mo kúnlẹ̀. Níbi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Nígbà tí mo dé ibi ojú òsì Tísà, mi ò rí ohun tí ẹ kọ mọ́. Aṣọ ibùsùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ló wà lọ́wọ́ mi, mo fi bojú, mo sunkún bàbá mi. Obìnrin tí kò gbọ́ èdè mi yẹn di etí kejì aṣọ náà mú. Kò fà á. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí mo fi ṣe tán, lẹ́yìn náà a jọ lọ tún un fọ̀.

Mo ti sọ fún ọ̀gá mi. Bí ọsàn bá tún dé, màá wà níbẹ̀. Kí Bàbá Kékeré gbé àga bàbá mi síta, èmi ni mo máa jókòó sórí rẹ̀.

Ẹ fi apẹ̀rẹ̀ kan pamọ́ dè mí, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì tọ́ wò. Ẹ má fi ewé kankan sórí rẹ̀.

Ọmọ yín.